Alárinà Tí Kò Gbọdọ̀ Yẹ̀bá: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tí Ń Gbé Òde Sórí Afẹ́fẹ́

Àwọn àgbà wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà, wọ́n sì fi kún un pé ojú lọ̀rọ̀ wà; ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tí ó yẹ kí ó da erùpẹ̀ sí sàréè ìyá rẹ̀ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó sì wà ní Houston níbi tí ọ̀gá rẹ̀ kò ti yọ̀ǹda rẹ̀, kí ni a fẹ́ ṣe tí ojú wọn yóò fi tó ohun tí ń lọ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé? Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ti ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn kan náà, ni àwa ọmọ Yorùbá ti mọ̀ pé ènìyàn lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ kí ó máa wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn, ti ìjọba ni, kò sì sí baálé ilé tí ó lè ké sí i pé kí ó wá fi ìgbéyàwó ọmọ òun han ẹbí. Lónìí, ọ̀dọ́mọdé tí ó ní kámẹ́rà kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, àti ẹ̀rọ kékeré kan tí ó lè fi sí àpò ẹ̀wù, lè ṣe é láti ìdí àga kan nínú gbọ̀ngàn. Ìgbà tí wọ́n ti Èkó àti Ògùn pa ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà ni ọ̀pọ̀ ìjọ àti ìdílé tó mọ iyì iṣẹ́ náà, kò sì tíì kúrò lọ́wọ́ wa láti ìgbà yẹn.

Ẹ̀rọ kékeré tí mo mẹ́nu bà yìí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní capture card, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹni tí kò bá tíì fi ọwọ́ kàn án rí lè máa rò pé kò pọn dandan, níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà ti ní ihò HDMI lára, tí kọ̀ǹpútà náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò HDMI tí ń bẹ lára kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìjáde nìkan ni ó wà fún, kì í gba àwòrán wọlé, àìmọye ọmọ iṣẹ́ ni ó sì ti fi wáyà so àwọn méjèèjì pọ̀ tààrà, tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ó ń retí àwòrán tí kò ní í dé láéláé. Alárinà ni ẹ̀rọ yìí láàárín àwọn méjèèjì. Ó gba àwòrán àti ohùn lọ́wọ́ kámẹ́rà láti ojú HDMI, ó sọ ọ́ di ohun tí ó lè gba ojú USB kọjá, kọ̀ǹpútà a sì gbà á wọlé bí ẹni pé kámẹ́rà kékeré tí ń bẹ lórí òun fúnra rẹ̀ ni ó rí i. Lẹ́yìn náà ni ètò bíi OBS Studio, tí Hugh Bailey kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2012, tí a kì í sì í sanwó fún títí di òní olónìí, yóò gbà á, tí yóò sì fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí YouTube tàbí Facebook. Wọ́n a máa wí pé bí ọkọ bá mojú ìyàwó tán, alárinà a yẹ̀bá. Alárinà tiwa yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀bá rárá, nítorí pé bí ó bá kúrò láàárín wọn bí ẹni ṣẹ́jú, ìgbéyàwó ti tú nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó tí ó wà ní Houston yóò sì máa wo fóònù tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

Ní ti rírà rẹ̀, bówó bá ti mọ loògùn ń mọ. Oríṣi kan wà tí kò ní orúkọ gbòógì kankan, tí ó kún orí àtẹ ní Computer Village ní Ìkẹjà, tí wọ́n kọ 4K gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkọ̀wé náà fọ́ yín lójú. Ohun tí 4K yẹn sábà máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà lè gba àwòrán 4K wọlé. Èyí tí ó ń fà lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kì í ju 1080 lọ. Ẹni tí ó gbin ọgọ́rùn-ún èbù iṣu tí ó ní igba ni òun gbìn, bí ó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò sì le rárá: àwòrán kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 1920 níbùú àti 1080 lóròó ní àmì kéékèèké tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì nínú, bí a bá sì ń fi 25 irú rẹ̀ ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láìfún un pọ̀, ẹrù náà yóò ju 800 megabit lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni USB 2.0 kò lè gbé ju 480 lọ. Nítorí náà ni alárinà olówó pọ́ọ́kú ṣe ń fún àwòrán pọ̀ kí ó tó lè gba ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn kọjá, tí iṣẹ́ ọnà ara aṣọ òkè tí ìyá ìyàwó fi owó gọbọi hun yóò sì di bàìbàì lójú àwọn ará òkè òkun. Èyí tí ó bá jẹ́ USB 3.0, tí ó lè gbé 5,000 megabit, kì í ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ṣáà ti kì í bọ ihò tí ó bá a mu lára kọ̀ǹpútà, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ búlúù. Síbẹ̀síbẹ̀, èmi kò sí lára àwọn tí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ń wo ìsìn ìdágbére lórí fóònù lè má mọ ìyàtọ̀ rárá, ẹni tí ó bá sì fi owó ńlá ra ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní olówó pọ́ọ́kú kan nínú báàgì rẹ̀ de ọjọ́ tí ti gidi bá kọṣẹ́. Ní ti ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀rọ bí ATEM Mini tí ilé-iṣẹ́ Blackmagic Design ti Ọsirélíà gbé jáde ní ọdún 2019, tí ó ní ihò HDMI mẹ́rin, ni kí ó lọ wá.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń tẹ́ oníṣẹ́ lójú òde kì í sábà wà lára alárinà yìí. Ara kámẹ́rà ni ó máa ń wà. Gbogbo ohun tí ń hàn lójú kámẹ́rà, àmì bátìrì, àwọn nọ́ńbà, àti àpótí kékeré tí ń tẹ̀lé ojú ènìyàn kiri, ni ó lè bá wáyà jáde, kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì máa rí àmì bátìrì ní iwájú orí bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ inú ètò kámẹ́rà lọ, kí ẹ pa ìfihàn àwọn àmì náà. Kámẹ́rà tí kò bá ní ibi tí a ti ń pa á kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ dára tó. Ẹ tún pa ètò tí ó máa ń mú kámẹ́rà sùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Bátìrì kan kò lè bá òde Yorùbá dé òpin (ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń kí ẹbí ọkọ kí a tó kí ẹbí ìyàwó mọ ohun tí mo ń wí), nítorí náà, bátìrì aláwòkọ tí ó ní wáyà tí a ń kì bọ iná ni kí ẹ fi sí inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná náà kò sì tán síbẹ̀. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti Amẹ́ríkà sì ń mì ní 60. Kámẹ́rà tí ẹ̀gbọ́n bá ti Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́, tí a kò sì tún ètò rẹ̀ ṣe, lè máa fi ìlà tí ń rìn hàn lábẹ́ iná gbọ̀ngàn títí ojú yóò fi máa ro àwọn tí ń wò ó. Ẹ fi sí PAL, ìyẹn àwòrán 25 tàbí 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ sì fi ìyára ojú rẹ̀ (shutter speed) sí 1/50 tàbí 1/100. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ kámẹ́rà pẹ̀lú, nítorí pé wáyà HDMI lásán tí ó bá ti gùn kọjá mítà mẹ́wàá kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ẹ sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà dáadáa, nítorí ihò HDMI àwọn kámẹ́rà kan kéré púpọ̀, kò sì ju ọmọdé kan tí ń sáré lé bàlúù lọ tí yóò fi fà á ya.

Àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ọmọ ejò níyà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ ohùn àti àwòrán rí. Ohùn tí makirofóònù ara kámẹ́rà gbà láti ìparí gbọ̀ngàn kò dára fún ohunkóhun. Lọ́dọ̀ ẹni tí ń darí míkísà àwọn olórin ni kí ẹ ti lọ gba ohùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní kùtùkùtù, kí orí rẹ̀ tó gbóná. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó ti míkísà wọ inú kọ̀ǹpútà tààrà máa ń ṣáájú àwòrán tí ó ní láti gba ọ̀dọ̀ alárinà kọjá, ẹnu àlùfáà yóò sì máa mì lẹ́yìn tí àdúrà ti jáde. Ẹ dúró níwájú kámẹ́rà, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ wò ó. Iye tí ohùn bá fi ṣáájú ọwọ́ ni kí ẹ fi dá a dúró nínú OBS, níbi tí wọ́n ti pèsè àyè fún un ní ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bí àwọn onígángan bá sì wọlé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá ìyàwó ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, tí àmì ohùn pọ́n dé òkè, ẹ tètè fà á wálẹ̀. Ènìyàn a máa fara da àwòrán tí kò mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn tí ń fọ́ kì í pẹ́ tí ó fi ń ti fóònù pa.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára wọlé, tí inú wọn á dùn, bẹ́ẹ̀ ohun tí a nílò ni bí ó ṣe ń yára jáde, èyí sì sábà máa ń kéré púpọ̀ sí èkejì. Ẹ wọn ìjáde náà nínú gbọ̀ngàn gan-an, ní wákàtí tí òde yóò wáyé, kí ẹ sì má ṣe lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, nítorí pé nígbà tí àlejò bá pé tán, gbogbo fóònù wọn ni yóò máa bá yín fa nẹ́tíwọ̀kì kan náà. Bí ẹ bá ń fi megabit mẹ́rin ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan yóò jẹ gígábáìtì 1.8, òde wákàtí márùn-ún yóò sì jẹ mẹ́sàn-án. Ẹ fi èyí ṣe ìṣirò dátà kí ẹ tó dá iye owó lé baba ìyàwó lórí. Bí ìjáde kò bá tó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 720, ẹ má ṣe bá nẹ́tíwọ̀kì jà. Ní ti iná tí ó máa ń lọ, kọ̀ǹpútà ní bátìrì tirẹ̀, alárinà sì ń jẹun lára kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí a kì bọ iná àti ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì yóò kú kí ẹni tí ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ tó dìde; ínfátà kékeré kan ni yóò gba àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. YouTube kì í ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ yìí fún ẹni tuntun lójú ẹsẹ̀, ó lè gbà tó wákàtí 24, nítorí náà kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ òde ni a ń tọrọ rẹ̀. Ẹ so gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ nílé, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún iye wákàtí tí òde yóò gbà, kí ẹ lè mọ̀ bóyá kámẹ́rà yóò gbóná jù. Kọ́kọ́rọ́ tí YouTube tàbí Facebook bá fún yín láti fi sínú OBS, ẹ má ṣe fi han ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tí ó bá rí i lè gbé ohun tí ó bá wù ú sójú àwọn èrò yín. Ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tí ń fi àwo orin ṣeré pé orin olórin ńlá tí kì í ṣe tiyín lè mú kí YouTube tàbí Facebook pa ohùn náà tàbí kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ó kù sọ́dọ̀ àwọn alága tí ń darí ètò òde. Ohun tí àwọn ará òkè òkun ń wò máa ń pẹ́ lẹ́yìn ohun tí ń lọ lọ́wọ́, ní bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ọgbọ̀n, nítorí náà bí alága ìjókòó bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó gba orí fóònù ṣàdúrà láti Houston, kí ẹ sọ fún un kí ó kọ́kọ́ pa ohùn àwòrán tí ó ń wò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ara rẹ̀ ni yóò máa padà wá dá a lẹ́kun. Níbi ìsìnkú, ẹ bèèrè lọ́wọ́ olórí ẹbí bóyá wọ́n fẹ́ kí a fi ojú olóògbé hàn, kí ẹ sì bèèrè kí wọ́n tó ṣí pósí. Bí òde bá sì parí, ẹ ní sùúrù kí àwọn tí ń wò gbọ́ àdúrà ìparí tán, kí ẹ tó tẹ ibi tí a ti ń dá a dúró, kí ẹ sì tún fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dúró lóòótọ́, nítorí ẹ̀yìn àdúrà gan-an ni àwọn àgbà máa ń jókòó ti tábìlì tí makirofóònù wà, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó, tí wọ́n á sì máa dárúkọ ẹni tí kò mú nǹkan wá.