Ògiri tàbí Ilẹ̀kùn: Ẹ̀kọ́ nínú Orin Sólómọ́nì 8:8-12

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa sí ibi tí a tọ́ka sí lókè yìí. A gbà pé àwọn ẹ̀gbọ́n ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní àbúrò obìnrin kan tí kò tí ì dàgbà, ọkàn wọn kò sì balẹ̀ nítorí ọjọ́ tí a ó wá tọrọ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá rí bí ògiri, fàdákà ni wọn yóò fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Bí ó bá rí bí ilẹ̀kùn, pákó kédárì ni wọn yóò fi dáàbò bò ó.

Ẹnìkan lè bi wá pé, baba wọn ńkọ́? Nínú gbogbo ìwé náà, ìgbà méje ni a sọ̀rọ̀ ìyá, a kò sọ̀rọ̀ baba rárá. Ní Ísírẹ́lì àtijọ́ pẹ̀lú, ẹ̀gbọ́n a máa dá sí ọ̀ràn àbúrò rẹ̀ obìnrin, gẹ́gẹ́ bí Lábánì ti ṣe nígbà tí a wá fẹ́ Rèbékà.

Kí ni ògiri, kí sì ni ilẹ̀kùn? Rashi, olùkọ́ àwọn Júù ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó kú ní 1105, wí pé Ísírẹ́lì ni ọmọbìnrin náà: ògiri ni bí ó bá dúró ṣinṣin láàrin àwọn kèfèrí, ilẹ̀kùn ni bí ó bá ń ṣí fún gbogbo ẹni tí ó kàn án. Àwọn mìíràn rò pé ohun kan náà ni méjèèjì dúró fún. Ti Rashi ni ó tẹ́ wa lọ́rùn jù.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí igi náà. Kédárì kì í ṣe pákó yẹpẹrẹ. Láti Lẹ́bánónì ni Sólómọ́nì ti gba èyí tí ó fi kọ́ tẹ́mpìlì, lọ́wọ́ Hírámù ọba Tírè. Ẹni tí yóò fi irú igi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ọmọ, yóò náwó, yóò nára. Pàṣán kọ́ ni ó mú lọ́wọ́.

Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ti ṣi ọ̀rọ̀ náà lò rí. Ọmọbìnrin kan tí ń gbé lọ́dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí bá ẹgbẹ́ kan rìn tí ojú wa kò gbà. A pè é ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ka ẹsẹ kẹjọ àti ìkẹsàn-án sí i létí, a pa ìwé dé, a sì kà á léèwọ̀ fún un láti jáde. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.”

Ojú tì wá. Ní ẹsẹ kẹwàá ọmọbìnrin náà dáhùn fúnra rẹ̀ pé ògiri ni òun, àti pé òun ti rí àlàáfíà lójú ẹni tí ó fẹ́ òun. Ní ìkejìlá ó ní ọgbà àjàrà òun wà níwájú òun. Bẹ́ẹ̀ ni ní orí kìíní, ìbínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olùṣọ́ ọgbà ẹlòmíràn, tí tirẹ̀ kò fi rí ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń kọ́ ènìyàn ní ìwé yìí, a kò sì so ibi méjèèjì pọ̀ rí!

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó bi í léèrè irú ènìyàn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀nyẹn í ṣe. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù ọ̀kan nínú wọn ti ń ba òun, òun kò sì mọ ẹni tí òun ìbá sọ ọ́ fún.