Gbé Dráífà Sílẹ̀ Ná

Àjàní ọmọ mi, bí o ṣe ń mí lórí fóònù lálẹ́ àná ti jẹ́ kí n mọ̀ pé o ti mú dráífà dání, o fẹ́ tú sáfà tí kò rí dísìkì yẹn palẹ̀. Gbé e sílẹ̀ ná.

Ó ṣe èmi náà rí. Iléeṣẹ́ kan n'Íbàdàn ra PowerEdge R710 tòkunbọ̀, wọ́n ní kí n gbé Red Hat 8 sí i. Mo tan án, ó ń sáré bọ̀ dáadáa, ó dé ibi tí a ti ń yan dísìkì, ó ní òun ò rí ìkankan. Bẹ́ẹ̀ iná wẹ́wẹ́ iwájú àwọn dísìkì náà ń tàn ní àwọ̀ ewé. Mo yọ dísìkì, mo tún un kì bọ̀, mo pààrọ̀ wáyà. Ariwo fáànù ò jẹ́ kí n gbọ́ èrò ara mi, ọ̀gá ibẹ̀ sì ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà ṣáá. Ọjọ́ ti rọ̀ kí n tó rántí ka ìwé tí Red Hat fi ń sọ ohun tí wọ́n yọ kúrò. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà 8 jáde ní 2019, wọn ò ti àwọn káàdì RAID àtijọ́ kan, tó ń so dísìkì pọ̀, lẹ́yìn mọ́. PERC H700 tó wà nínú ẹ̀rọ tèmi wà lára wọn. Dráífà ni mo mú dání láti àárọ̀, dráífà ọ̀tọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ bá káàdì sọ̀rọ̀, ni ó ń bèèrè! Mo gba ti ELRepo, àwọn tó ń pèsè irú dráífà bẹ́ẹ̀ fún Red Hat, sórí fíláàṣì, mo fi inst.dd kún ìlà ìbẹ̀rẹ̀, dísìkì yọjú.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kí ni káàdì RAID fúnra rẹ̀ rí? Lórí R710 tó ní H700, Ctrl pẹ̀lú R ni wàá tẹ̀ bó bá ń jí. Lórí àwọn tuntun, F2. Bó bá rí dísìkì níbẹ̀, ṣé o ti so wọ́n pọ̀? Ọ̀pọ̀ káàdì PERC kì í fi dísìkì lásán han ẹnikẹ́ni. Méjì ní RAID 1 tó fún ìbẹ̀rẹ̀, bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kí o tó tẹ Initialize, bi ẹni tó ni ín léèrè bóyá nǹkan wà lórí wọn. Bi í lẹ́ẹ̀mejì, nítorí wọn kì í rántí lẹ́ẹ̀kan.

Bó bá jẹ́ Windows ni o ń gbé sí i, Load driver wà níbi tí a ti ń yan dísìkì fún irú ọ̀ràn yìí. Bí ẹ̀rọ yóò bá máa jí láti orí dísìkì tó ju 2 TB lọ, UEFI ni kí o lò. Fíláàṣì FAT32 ò sì lè gba fáìlì tó tó 4 GB, torí náà install.wim, fáìlì ńlá inú Windows, lè kọ̀ láti wọlé. Yẹ SHA256 fáìlì tí o gbà wò pẹ̀lú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa yìí, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Bí káàdì ò bá rí dísìkì rárá, pè mí. Ìgbà yẹn la ó jọ mú dráífà onírin.