Ìtọ́kasíra Àmì nínú Àwòrán Iná Mànàmáná: Àṣìṣe àti Ọ̀rọ̀-Ìperí

Nínú àwòrán iná mànàmáná, àmì tí ó dúró fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè fọ́n ká sí abala púpọ̀. Kọ́ńtátọ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Wáyà wíwé rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ méjèèjì ń jẹ́ A1 àti A2, lè wà ní abala 3, kí ojú ìfarakàn rẹ̀, 13-14 tàbí 21-22, wà ní abala 7. Àkọsílẹ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, tí ń sọ ibi tí èkejì wà, ni à ń pè ní ‘ìtọ́kasíra’ níhìn-ín. ‘Ìtọ́kasí’ lásán kò tó, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìyẹn ń lọ.

AutoCAD Electrical, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Autodesk ṣe, ka wáyà wíwé sí òbí, ó sì ka ojú ìfarakàn sí ọmọ. Nínú èdè Yorùbá, ‘ìyá’ dára ju ‘òbí’ lọ: ojú ìfarakàn méjì tí wáyà wíwé kan náà ń darí yóò di ‘ọmọ-ìyá’ láìjẹ́ pé a tún wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Orúkọ ìyá wà nínú àbùdá tí ń jẹ́ TAG1, ti ọmọ wà nínú TAG2. Ètò náà kì í wo bí àmì méjì ti súnmọ́ra tó; orúkọ ni ó ń wò. Yorùbá a máa wo ilé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í wo ilé rárá. Bí ìyá bá ń jẹ́ K10, tí ayàwòrán sì fi lẹ́tà O sí ipò òdo nínú orúkọ ọmọ, ojú ènìyàn lè má rí ìyàtọ̀. Lójú ètò náà, ọmọ òrukàn ni, kò sì ní ìtọ́kasíra.

Ohun tí èyí lè fà kì í ṣe kékeré. Ká mú ẹ̀rọ iná onífeesì mẹ́ta tí K1 ń yí síwájú, tí K2 sì ń yí sẹ́yìn nípa pípààrọ̀ féèsì méjì. Bí K1 àti K2 bá gbéra pọ̀, féèsì yóò kan féèsì. Nítorí náà ni a ṣe ń gba iná tí ń lọ sí wáyà wíwé K2 kọjá lójú 21-22 ti K1. Bí ìtọ́kasíra ojú yìí bá darí aṣàtúnṣe sí kọ́ńtátọ̀ mìíràn, ó lè so wáyà tí yóò fo ìdènà náà kọjá láìmọ̀.

Orúkọ ojú 21-22 fúnra rẹ̀ gba àròjinlẹ̀. Bí a bá pè é ní ‘ojú pípadé’, tí a sì pe 13-14 ní ‘ojú ṣíṣí’, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rántí ẹ̀rọ omi, nínú èyí tí ohun tí a ṣí ni omi ń gbà. Òdì èyí ni ti iná. ‘Àkànsílẹ̀’ fún 21-22 àti ‘àyàsílẹ̀’ fún 13-14 ni ó yè kooro, nítorí wọ́n ń sọ bí irin méjèèjì ti wà kí iná tó dé inú wáyà wíwé.

Lẹ́yìn orúkọ, kí ayàwòrán wò ó bóyá abala méjèèjì wà nínú iṣẹ́ kan náà, èyí tí fáìlì .wdp ń tò. Ètò náà kì í wá ìyá lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀. Bí %S, tí ó dúró fún nọ́ńbà abala, kò bá sí nínú ìlànà ìtọ́kasíra, ibi méjì lórí abala ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ní àkọsílẹ̀ kan náà. Àṣẹ ìdàkọ lásán tún lè bí ìyá méjì tí ń jẹ́ K1. Àṣẹ EXPLODE ni ó burú jù: ó ń tú àmì ká, iye tí a kọ sínú àbùdá rẹ̀ a sì sọnù. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ṣì rí bí àmì lójú, ṣùgbọ́n ìlà lásán ni. Píparẹ́ àti fífi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀.