Aṣọ Àyálò Orí Kọ̀ǹpútà

Aṣọ àyálò kì í yẹni; rẹ́gí-rẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ohun tó gbé òwe náà sí mi lẹ́nu ni ariwo tó sọ lójúlé kejì sí wa ní Opebi níbí.

Ọmọbìnrin ilé náà ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì. Lálẹ́ tó ku ọ̀la kó gbé e fún olùkọ́, ètò ìkọ̀wé tó bá kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá yarí. Ìwé ń hàn, ó ṣeé kà, kò ṣeé tẹ̀ sí. Ọ̀fẹ́ ọdún kan ló wà lórí rẹ̀, ọdún sì ti pé. Bàbá rẹ̀ fa káàdì yọ, káàdì kò lọ. "Ṣebí mo ti ra nǹkan yìí tán!"

Bàbá, kọ̀ǹpútà lẹ rà. Èyí tó wà lórí rẹ̀, yíyá lẹ yá a.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ ti kọ̀ǹpútà náà, torí òun gan-an ló ń bí mi nínú. Tuntun ni, ó ń dán, páálí rẹ̀ sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n RAM 4GB ló ní, ibi ìpamọ́ rẹ̀ kò ju 32GB, wọ́n sì ti jó méjèèjì mọ́ inú ẹ̀rọ débi pé kò sí ẹ́ńjiníà tó lè fi kún un. Windows nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀ tán. Kí ló dé tí àwa ará Èkó fẹ́ràn ọ̀rá tí a kò tíì bó báyìí? Ọjà Computer Village wà nítòsí wa ní Ìkẹjà, tòkúnbọ̀ EliteBook, Latitude àti ThinkPad sì kún òpópónà Otigba níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkè òkun ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n lágbára, wọ́n ṣeé tú, bí bọ́tìnnì wọn bá kú, ẹ ó rí òmíràn rà lójú pópó kan náà.

Ẹ má kàn nawọ́ gbé e o. Ẹ béèrè Intel ìran kẹjọ sókè, torí Windows 11 kò fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ èyí tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, Microsoft sì ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró láti 14 oṣù kẹwàá 2025. RAM 8GB, SSD 256GB, ó kéré tán. Ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Ẹ tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt: yóò fi agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun hàn yín, àti èyí tó kù. Bí kò bá tó ìdajì mọ́, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Ẹ mọ bí iná ìjọba ṣe rí. Bí BIOS bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ilé iṣẹ́ kan tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ dìde. Nígbà tí ẹ bá sì ti sanwó, ẹ má gbójú kúrò lára laptop yín títí yóò fi wọnú àpò.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí òwe wa ti kọsẹ̀. Aṣọ ẹlòmíràn ni tòkúnbọ̀, ó sì bá ni mu ju tuntun lọ. Abájọ tí ìjọba Èkó fi ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé àwọn máa kó Computer Village lọ sí Kátángúwà, ọjà òkìríkà!

Ó kù sí ti Office, ètò tó yarí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn kan ní kí a rà á lẹ́ẹ̀kan, kó di tiwa. Kò di tiwa. Office 2016 àti 2019 tí èèyàn rà pátápátá, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Windows 10 ni àtúnṣe tiwọn dópin. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé mọ́. Ti Office 2021 jẹ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Adobe kò tiẹ̀ fún wa láyè: láti 2013 ló ti ní ọ̀pọ̀ ètò tuntun òun di ti olówó oṣù.

Ilé tí èrò pọ̀ sí ni owó ọdọọdún yẹ, torí ènìyàn mẹ́fà ló lè lo Microsoft 365 Family, ìyẹn Office àyálò, pẹ̀lú ibi ìpamọ́ 1TB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò kọ ju lẹ́tà àti ìwé ìṣirò ọjà lọ, kó gba LibreOffice, ọ̀fẹ́ ni, kò lọ́jọ́ ikú. Èyí tí ẹ́ńjiníà ń "crack" fún yín, tó ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, ẹ sá fún un. Ibẹ̀ ni olè ń gbà jí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báǹkì.

Ọmọ náà parí iṣẹ́ rẹ̀ lóru yẹn lórí Google Docs, láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti forúkọ káàdì yín sílẹ̀ fún ètò àyálò, ẹ lọ yẹ àkáǹtì yín wò lónìí: bí ẹ kò bá pa ìsanwó tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, yóò máa fa owó yín lọ, ẹ lò ó, ẹ kò lò ó.