Ìdí Tí Ọkàn Àwọn Ọ̀dọ́ Fi Ń Sún Kúrò Nídìí Ẹ̀sìn: Àyẹ̀wò Ìlú Monrovia ní Làìbéríà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ohun tí ó ń fa ìfàsẹ́yìn àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹ̀sìn wò, ó sì fi ìlú Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé díẹ̀ ni àwọn tí ó ń kọ ẹ̀sìn sílẹ̀ ní gbangba níbẹ̀. Ewu tí ó tóbi jù ni ti àwọn tí ọkàn wọn ń sún díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ogun, àjàkálẹ̀ àrùn, ilé-ìwé àti àìríṣẹ́ṣe gbé ìbéèrè dìde tí wọn kò rí ẹni bá wọn dáhùn. Iṣẹ́ náà wo ìlànà Kùránì àti Súnnà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì parí pẹ̀lú àbá fún àwọn àáfà àti òbí.

Ìfáárà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ọkàn gbogbo ẹ̀dá wà ní ìkáwọ́ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí àwọn onímọ̀ ti pàdé lóde òní tí a kì í rojọ́ àwọn ọ̀dọ́. A ó ní wọn kò fẹ́ ẹ̀sìn mọ́, a ó ní ayé ni wọ́n ń lé kiri. Ẹjọ́ yìí rọrùn láti dá, ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tí a ń dá lẹ́jọ́ pẹ̀lú. A mú Monrovia nítorí pé ìlú díẹ̀ ni ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a ti dán ìgbàgbọ́ ọ̀dọ́ wò tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1989 títí di ìsinsìnyí. Ìdí kejì ni pé okùn àtijọ́ kan so ìlú náà mọ́ àwọn Mùsùlùmí Èkó, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Monrovia àti Àwọn Mùsùlùmí Rẹ̀

Ọdún 1822 ni àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà padà wá tẹ ìlú tí a mọ̀ sí Monrovia lónìí dó, tí wọ́n sì fi orúkọ James Monroe, Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, pè é. Ẹ̀sìn Kristi ni àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó ń ṣe, ṣùgbọ́n Ìsìláàmù ti wà ní ilẹ̀ náà ṣáájú wọn lọ́wọ́ àwọn Mandingo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Vai náà jẹ́ Mùsùlùmí. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2008, ìdá 85.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó pe ara wọn ní Kristẹni, ìdá 12.2 jẹ́ Mùsùlùmí, ìdá 1.5 péré ni ó sì sọ pé àwọn kò ní ẹ̀sìn kankan.

Òfin ọdún 1986 fún oníkálukú ní òmìnira ẹ̀sìn, kò sì gba ẹ̀sìn kankan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ìjọba. Síbẹ̀, níbi ìpàdé àtúnṣe òfin tí ó wáyé ní Gbarnga ní ọdún 2015, àwọn kan dábàá pé kí Làìbéríà di orílẹ̀-èdè Kristẹni. Ààrẹ Ellen Johnson Sirleaf kò fara mọ́ ọn, àbá náà kò sì di òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìbi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọmọ ilẹ̀ náà ni òun.

Ǹjẹ́ Lóòótọ́ Ni Wọ́n Ń Lọ?

Iléeṣẹ́ ìwádìí Pew Research Center gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2018 lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀dọ́ àti àgbà nípa ẹ̀sìn. Nínú orílẹ̀-èdè 105 tí wọ́n ti béèrè nípa àdúrà ojoojúmọ́, àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún kò gbàdúrà tó àwọn àgbà ní orílẹ̀-èdè 71. Orílẹ̀-èdè méjì péré ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, tí ọ̀dọ́ ń gbàdúrà ju àgbà lọ. Chad ni ọ̀kan, Làìbéríà sì ni èkejì.

Èyí yẹ kí ó mú wa rọra sọ̀rọ̀. Bí ọ̀dọ́ Làìbéríà bá ń gbàdúrà ju bàbá rẹ̀ lọ, a kò lè sọ pé kò fẹ́ Ọlọ́hun. Kò sì yẹ kí ìṣirò náà mú wa sùn. Ènìyàn lè máa tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun lójoojúmọ́ nítorí ebi àti ìpọ́njú, kí ó sì ti jìnnà sí àáfà, sí mọ́sálásí àti sí ìmọ̀ ẹ̀sìn. Bí ìpọ́njú náà bá kásẹ̀ nílẹ̀ tàbí tí àdúrà náà bá pẹ́ kí ó tó gbà, kí ni yóò dì í mú? Ìbéèrè yìí ni ó gbé wa dé orí àwọn okùnfà.

Àwọn Okùnfà

Ìkíní: Ogun. Ogun abẹ́lé Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún gbérí ní ọdún 1999, ó sì parí pẹ̀lú àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní Accra ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003. Àwọn ènìyàn tí wọ́n fojú bù pé ó kú tó 250,000. Àwọn ọmọ ogun Charles Taylor dójú lé àwọn Mandingo, nítorí wọ́n kà wọ́n sí alátìlẹ́yìn Ààrẹ Samuel Doe. Ní oṣù Keje ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun Doe pa nǹkan bí 600 ènìyàn tí ó sá sínú ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran ti St. Peter ní Monrovia. Ilé Ọlọ́hun kò dá ẹnikẹ́ni dúró.

Kí á má sì fi òtítọ́ pamọ́: àwa náà kò mọ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ULIMO-K, tí àwọn Mandingo pọ̀ jù nínú rẹ̀, wà lára àwọn tí ó hùwà ìkà sí aráàlú. Ọmọ tí ó rí i tí ẹni tí ó ń kírun ń pa ènìyàn, tí kò sì gbọ́ kí àáfà kankan dá a lẹ́bi, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí wáàsí ọgọ́rùn-ún kò lè tètè pa rẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, ìjà tí ó ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Monrovia di ti ẹ̀sìn, wọ́n sì dáná sun mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìkejì: Àrùn Ebola. Àrùn yìí wọ Làìbéríà ní ọdún 2014, ó sì pa ju 4,800 ènìyàn lọ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi iná sun òkú àwọn tí àrùn náà bá pa ní Monrovia. Fún Mùsùlùmí, ẹ̀tọ́ òkú lára alààyè ni pé kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi aṣọ dì í, kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n sì sin ín. Ọmọ tí wọ́n sun òkú bàbá rẹ̀ yóò béèrè pé: ṣé bàbá mi ti pàdánù àánú Ọlọ́hun ni?

Ìdáhùn wà nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ànábì sọ pé ẹni tí àjàkálẹ̀ àrùn bá pa jẹ́ ajẹ́rìíkú. Dandan tí ó bá kọjá agbára ènìyàn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ànábì tún kírun sí Najashi ọba Abisíníà lára láìsí òkú rẹ̀ níwájú, bí àwọn onímọ̀ tilẹ̀ yapa lórí bóyá a lè fi èyí ṣe ìlànà. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà ìsìnkú jáde tí ó fi àyè gba táyámọ́mù fún òkú Mùsùlùmí dípò ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kọkànlá, ta ni ó jókòó ti ọmọ náà?

Ìkẹta: Ilé-ìwé àti ilé-kéú. Ní àwọn ọdún 1970, Sylvia Scribner àti Michael Cole ṣe ìwádìí láàárín àwọn Vai, tí wọ́n ní ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta: ti ara wọn, ti Lárúbáwá àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1981 fi hàn pé àwọn tí ó kọ́ Kùránì ta àwọn yòókù yọ nínú híhá ohun sórí léraléra, bí a ti ń há áyà kan tẹ̀lé òmíràn. Àwọn tí ó lọ sí ilé-ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ta wọ́n yọ nínú ṣíṣe àlàyé ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí èyí, nítorí ọmọ kan náà ni ó ń lọ sí ibi méjèèjì. Ní ilé-ìwé wọ́n ń bi í pé, "Kí ni ìdí rẹ̀?" Ní ilé-kéú wọ́n ń sọ fún un pé, "Kà á bí mo ti kà á." Ìhásórí kò burú, òun ni ó pa Kùránì mọ́ sí àyà wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá dàgbà, yóò lè ṣàlàyé ìdí tí òjò fi ń rọ̀, kò sì ní lè ṣàlàyé ìdí tí òun fi ń kírun. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá bi í ní Yunifásítì, ojú yóò tì í. Ìtìjú ni ó ń ṣáájú, àìgbàgbọ́ ni ó ń tẹ̀lé e.

Ìkẹrin: Àìríṣẹ́ṣe àti oògùn olóró. Lẹ́yìn ogun, ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ kò rí iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ òpópónà tí wọ́n ń pè ní "zogo" ní Monrovia ń gbé inú ahoro àti ibojì, oògùn kush sì ti sọ wahala wọn di ìlọ́po. Ní oṣù Kínní ọdún 2024, Ààrẹ Joseph Boakai kéde ìlòkulò oògùn gẹ́gẹ́ bí ìṣòro pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè náà. Bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, tí a lé e nítorí aṣọ rẹ̀ rí wúruwùru, ta ni ó kúrò nínú ẹ̀sìn, òun ni tàbí àwa?

Ìlànà Kùránì àti Súnnà

Kùránì kò fi ìgbà kankan ka ìbéèrè ọ̀dọ́ sí ọ̀tẹ̀. Nínú Súrà Al-An'ām, Ànábì Ibrahim wo ìràwọ̀, ó wo òṣùpá, ó wo oòrùn, ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ẹni tí ó dá wọn. Nínú Súrà Al-Baqarah, ó bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi hàn òun bí Ó ti ń jí òkú, Ọlọ́hun sì fi hàn án kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ọ̀dọ́ ni Ọlọ́hun pe àwọn ará inú ihò nínú Súrà Al-Kahf. Luqman náà kò fi pàṣán kọ́ ọmọ rẹ̀: ó pè é ní ọmọ òun pẹ̀lú ìfẹ́, ó sì sọ ìdí tí ẹbọ fi burú fún un.

Nínú Hádíìsì tí Imām Ahmad gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abū Umāmah, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Ànábì láti ṣe àgbèrè. Àwọn ènìyàn jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní kí ó súnmọ́ òun. Ó bi í bóyá yóò fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ̀, sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, sí arábìnrin rẹ̀, ọ̀dọ́ náà sì ń dáhùn pé òun kò fẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ànábì gbé ọwọ́ lé e, ó sì ṣàdúà fún un. Ohun mẹ́ta ni ó ṣe: ó fà á mọ́ra, ó fi làákàyè bá a sọ̀rọ̀, ó sì tọrọ fún un. Igbe ni àwọn tí ó yí i ká ní. Ó yẹ kí oníkálukú wa bi ara rẹ̀ léèrè ìhà tí òun wà.

Ẹ̀kọ́ Láti Èkó àti Àwọn Àbá

Edward Wilmot Blyden, àlùfáà ìjọ Presbyterian nígbà kan, ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ èdè Lárúbáwá ní Liberia College ní Monrovia ní ọdún 1867. Òun kan náà wà níbi ìṣílé Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó ní ọdún 1894. Ní ìgbà náà, àwọn òbí Mùsùlùmí Èkó ń bẹ̀rù pé ilé-ìwé yóò sọ ọmọ wọn di Kristẹni. Ìjọba ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí ní Èkó ní ọdún 1896, àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn sì dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, wọ́n kọ́ ilé-ìwé tiwọn. Wọn kò fi ìbẹ̀rù ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mìíràn.

Nítorí náà a dábàá pé:

1. Kí ilé-kéú máa kọ́ ìtumọ̀ áyà pọ̀ mọ́ kíkà rẹ̀, ní èdè tí ọmọ gbọ́.
2. Kí lèmọ́mù ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́, kí ó má sì tijú láti sọ pé òun yóò lọ wádìí.
3. Kí á yọ nínú sàká láti fi kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́, kí á sì gba àwọn tí oògùn ti bà jẹ́ sí mọ́sálásí.
4. Kí àwọn onímọ̀ ti pèsè ìdájọ́ ìgbà pàjáwìrì sílẹ̀ kí àjàkálẹ̀ mìíràn tó dé.
5. Kí á máa dá ìwà ìkà lẹ́bi, ìbáà jẹ́ láti ọwọ́ ará ilé wa.

Àbá karùn-ún yìí kò kọjá agbára wa. Láti ọdún 1990 ni àwọn aṣáájú Mùsùlùmí àti Kristẹni Làìbéríà ti pawọ́ pọ̀ láti máa bẹ àwọn ajagun. Sheikh Kafumba Konneh, tí ó di olóògbé ní ọdún 2015, wà lára wọn, ó sì tún jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ó wádìí òtítọ́ nípa ogun náà. Ọ̀dọ́ tí ó rí irú àgbà bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀rí pé ẹ̀sìn kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Ìkádìí

A ti rí i pé ọ̀dọ́ Monrovia kò tíì kẹ̀yìn sí Ọlọ́hun. Ó ṣì ń gbàdúrà. Àwa ni kò tíì jókòó tì í. Ohun tí a rí níbẹ̀ wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Ìlọrin pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ sí ogun níbẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa lálẹ́ òní, kí á má lé e padà, nítorí ẹni tí ó ṣì ń béèrè kò tíì lọ. Kí Ọlọ́hun fi ọkàn àwọn ọmọ wa rinlẹ̀ sínú ẹ̀sìn Rẹ̀, kí Ó sì fún àwa àgbà ní sùúrù àti ìmọ̀ tí a ó fi dá wọn lóhùn. Àmín.