Oògùn Àrùn Kòrónà: Ta Ló Yẹ Kó Lò Ó, Ìgbà Wo Sì Ni?



Lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú kan ní Ṣàgámù níbí, Àlàájà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n sì mú hóró oògùn funfun kéékèèké inú ọ̀rá jáde. Wọ́n ní látìgbà àrùn kòrónà ni àwọn ti ń tọ́jú irú rẹ̀ sílé. Bí ikọ́ bá ti ń yọ Bàbá lẹ́nu, àwọn á fún wọn ní méjì. Dexamethasone ni. Bàbá tí wọ́n ń wí yìí sì ní àtọ̀gbẹ. Mo bi wọ́n pé, “Ta ló kọ ọ́ fún yín, Àlàájà?” Wọ́n ní, “Ṣebí wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé òun ló ń wo kòrónà?”

Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni Àlàájà gbọ́. Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ kí a jọ kọ́ lónìí.

Ọjọ́ 27 oṣù February 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti wọ Nàìjíríà, lára ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí. Kò sí oògùn rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ayé. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù March, ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, yin chloroquine àti àbúrò rẹ̀, hydroxychloroquine. Kò pẹ́ rárá tí chloroquine fi gbówó lórí ní Èkó, tí àwọn aláṣẹ ètò ìlera ibẹ̀ sì ń kéde pé àwọn kan ti dèrò ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n lò ó ní àlòjù. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni nínú àwa àgbà tí kò mọ chloroquine? Òun là ń lò sí ibà láyé ọjọ́sí, tí gbogbo ara á máa yún wa bí ẹni tí yèrèpè kàn. Ìgbà tí ibà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́ ni ìjọba yọ ọ́ kúrò nípò oògùn ibà àkọ́kọ́ ní 2005. Ohun tó ti mọ́ wa lára kì í bà wá lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù lára, ó ń da lílù ọkàn rú, ó sì lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Kí ló wá fà á tí wọ́n fi rò pé ó lè ṣiṣẹ́? Nínú abọ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àyẹ̀wò, ó dá kòkòrò náà dúró. Ṣùgbọ́n abọ́ kì í ṣe ara èèyàn. Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní RECOVERY. Wọ́n pín àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn bí ẹni ṣẹ́ kèké, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́: àwọn kan lo oògùn, àwọn kan gba ìtọ́jú tí wọ́n ń fún gbogbo aláìsàn. Nígbà tí ọjọ́ 28 pé, bíi 27 nínú 100 àwọn tó lo hydroxychloroquine ló ti kú. Nínú àwọn tí kò lò ó, bíi 25. Kò ṣe wọ́n lóore kankan.

Oṣù June 2020 tí wọ́n kéde èyí náà ni wọ́n kéde ti dexamethasone. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, bíi 41 nínú 100 ló kú láìlo oògùn náà. Àwọn tó lò ó, bíi 29. Ó dín ikú kù fún àwọn tó ń fa ọ́síjìn lásán pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Àmọ́ àwọn tí wọn kò nílò ọ́síjìn, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ rárá. Bíi 18 nínú 100 àwọn tó lò ó nínú wọn ló kú, bíi 14 nínú àwọn tí kò lò ó. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí a lè fi búra, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé kò sí èrè níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìpele méjì ni àrùn yìí ní. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kòkòrò náà ló ń bí sí i nínú ara, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wa sì ń bá a jà. Ní ìpele kejì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tilẹ̀ dé, àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí fúnra wọn á bínú kọjá ààlà, wọ́n á máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bí ẹni tó ń lé olè tó wá dáná sun ilé. Ìbínú yẹn ni dexamethasone ń pa. Ẹni tó bá lò ó nígbà tí ọ̀tá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ló so. Ó tún ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹ rántí Bàbá tó ní àtọ̀gbẹ. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó kí ẹ lè sanra, ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.) Mi ò ní kọ iye tí àwọn dókítà ń fúnni síbí, nítorí mo mọ ohun tí àwọn kan máa fi ṣe.

Azithromycin kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ìwádìí kan náà fi hàn pé kò wúlò fún kòrónà. Orógbó, áyù àti ata ilẹ̀, oúnjẹ ni, ẹ máa jẹ wọ́n.

Ẹnì kan á ní, habbatu sauda ńkọ́? Ẹ lò ó, sunnah ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn ọkàn ṣe Sa‘d ọmọ Abī Waqqās, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fọwọ́ kàn án láyà, wọ́n júwe èso dàbínù Ajwa fún un, wọ́n sì tún ní kó lọ bá Hārith ọmọ Kaladah, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ìṣègùn. Òun kan náà ló kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ṣe ìwòsàn láìní ìmọ̀ rẹ̀, òun ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Kí àwọn ará wa tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì gbọ́ èyí dáadáa.

Bí ara bá gbóná nílé yín, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ibà. Bí ẹni náà bá ń mí gúlegúle, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìsinmi, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka bá ń kà á sí ìsàlẹ̀ 94, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe kẹ́míìsì. Nígbà àjàkálẹ̀ náà, ẹ̀rù ibùdó ìyàsọ́tọ̀ bíi ti Ìkẹ́nnẹ́ ń ba ọ̀pọ̀ wa, a sì fẹ́ràn hóró oògùn inú ọ̀rá jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gba ọ́síjìn ni hóró yẹn lè ṣe lóore.

Bí ẹnikẹ́ni nílé yín bá ti ń lo dexamethasone fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Ara ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, bí ó bá sì kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, èèyàn sì lè dákú. Ẹ mú oògùn náà lọ́wọ́ lọ bá dókítà, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo sọ fún Àlàájà náà nìyẹn, mo sì ní kí wọ́n mú Bàbá dání fún àyẹ̀wò ṣúgà.