Gbọ́ Tẹnu Mágínẹ́tò Kí O Tó Dá A Lẹ́bi

Màkún, Ṣàgámù.

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní Ford àtijọ́ tí wọ́n gbé wá sí gáréèjì yín, Model T, ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá ti yí kọ́kọ́rọ́ sí mágínẹ́tò, á kú fin-ín. O ní mágínẹ́tò ti bàjẹ́, lọ́la lo máa sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Jọ̀wọ́, fi sípánà sílẹ̀ ná. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni.

Láti 1908 dé 1927, Model T tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 15. Irú ọkọ̀ Ford fúyẹ́fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gba ẹrù kòkó lórí àwọn alárùú ilẹ̀ Gánà. Bí mágínẹ́tò Model T ṣe rí nìyí: irin òòfà 16 ni wọ́n dè mọ́ fíláwíìlì rẹ̀, tí ń yí kọjá níwájú kọ́ìlì 16. Ìyípo yẹn ló ń mú iná jáde. Inú lọ́hùn-ún ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ tú u, àfi kó gbé odindi ẹ́ńjìnnì jáde.

Nítorí náà, dán an wò. Mú gílóòbù bíréèkì 12 volt. So wáyà kan mọ́ òpó mágínẹ́tò lórí ìdérí jíà, èkejì mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì, kí o sì fi bátìrì ṣíná. Bí eré ẹ́ńjìnnì ṣe ń pọ̀ ni kí gílóòbù máa mọ́lẹ̀ sí i. Má gbẹ́kẹ̀ lé mítà nìkan: mágínẹ́tò tó ti rẹ̀ lè ṣakọ níwájú mítà, ẹrù la fi ń mọ alágbára.

Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ rekete, mágínẹ́tò jàre. Lọ bi wáyà àti kọ́kọ́rọ́ léèrè. Bí kò bá tàn, tú ìdè mẹ́ta tó di òpó náà mú, kí o wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èérún òwú láti ara báǹdì jíà máa ń kó jọ síbẹ̀.

Má ṣe fi bátìrì kan òpó yẹn láé. Mo ṣe é rí nígbà èwe mi, agbára òòfà sì lọ. Bí o bá sì ń fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ti irin tó ń sún iná plọ́ọ̀gì sókè pátápátá kó má baà ta padà, lo ọwọ́ òsì, fa irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì sókè, má sì fi àtàǹpàkò dì í mú. Ó ti ṣẹ́ ọ̀pọ̀ apá.

Mo ti ra gílóòbù méjì fún ọ ní ọjà Fàlàwò. Màá fi rán ẹni tó bá ń bọ̀.

Ó ku ọmọ iṣẹ́ tí o ní o fẹ́ lé nítorí pé orí rẹ̀ kú láràárọ̀. Kí o tó sọ òun náà kalẹ̀, bi í bóyá ó ń jẹun kó tó kúrò nílé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.